Ojú Fílánjì Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ìbéèrè Yín Lórí Manifold Àfọwọ́ṣe

Lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ́ńjìnnì alágbára lóṣù yìí pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì dá lé manifold tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, irú èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù gé, tí wọ́n sì jó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù dípò èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ dà. Ká lè jọ máa sọ ohun kan náà: throttle ni ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àpótí tí afẹ́fẹ́ ń kó jọ sí wà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní plenum. Láti inú àpótí ni páìpù kọ̀ọ̀kan ti ń lọ sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Runner ni wọ́n ń pè é, àmọ́ páìpù ti tó wa níhìn-ín. Fílánjì ni awo tó nípọn tí a fi ń de gbogbo rẹ̀ mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà.

Ọ̀pọ̀ àwòrán tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ló jẹ́ ti ojú ìjó (ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀) tó ń dán. Ojú fílánjì ló wù wá ká rí, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti ń dára tàbí tó ti ń bàjẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ́ńjìnnì Toyota 2JZ-GTE tòkúnbọ̀ ni mo fẹ́ ṣe manifold fún. Mẹkáníìkì mi ní bí páìpù bá ṣe kúrú tó ni agbára ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Houston ní irọ́ ni, pé kó gùn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Òǹkàwé, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Àwọn méjèèjì ló di apá kan òótọ́ mú. Gígùn páìpù kọ́ ló ń pinnu bí agbára ṣe máa pọ̀ tó. Ohun tó ń pinnu ni RPM tí agbára náà máa jáde sí, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan.

Bó ṣe rí nìyí. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré bọ̀ nínú páìpù kì í mọ̀ pé fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́nu sílíńdà, ti fẹ́ pa dé. Nígbà tí fáàfù bá pa dé, afẹ́fẹ́ náà á kọlù ú, á fún pọ̀, ìgbì á sì ṣẹ́rí padà gba inú páìpù lọ sí ẹnu àpótí. Tó bá dé ẹnu tó ṣí sílẹ̀, á tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ, tí á máa bọ̀, títí fáàfù á fi tún ṣí. Bí ìgbì bá dé ẹ̀yìn fáàfù lásìkò tó ń ṣí, á ti afẹ́fẹ́ kún sílíńdà. Bó bá dé ṣáájú tàbí tó pẹ́ jù, kò wúlò, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ sẹ́yìn.

Ẹ lè ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé káàmù 264° lẹ fẹ́ lò, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù fún ìwọ̀n 264 nínú yíyí ẹ́ńjìnnì. Ẹ yọ nǹkan bíi 24° kúrò nínú rẹ̀, torí fáàfù kì í ṣí dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Ó ku 240°. Ẹ yọ 240 nínú 720 (iye ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí kí fáàfù kan náà tó tún ṣí), ó ku 480. Iye ìwọ̀n tí fáàfù fi wà ní pípadé nìyẹn. Ẹ wá fi 350,000 sọ 480 di púpọ̀, torí ìró ń rin nǹkan bíi 350 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú afẹ́fẹ́ tó jẹ́ 32°C, ìyẹn 350,000 mm. Ẹ fi 12, lẹ́yìn náà RPM, lẹ́yìn náà iye ìgbà tí ìgbì máa lọ tó máa bọ̀, pín ohun tẹ́ ẹ bá rí. Ní 6,500 RPM, bí ìgbì bá lọ-bọ̀ nígbà 4, gígùn jẹ́ 538 mm. Nígbà 5, 431 mm. Nígbà 6, 359 mm. Nígbà 7, 308 mm.

Bí ìgbà tó ń lọ-bọ̀ bá ṣe kéré tó ni ìgbì ṣe máa lágbára tó, ṣùgbọ́n 538 mm kò lè ráyè lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. 359 mm ló ṣeé ṣe. Ẹ má gbàgbé pé láti ẹ̀yìn fáàfù ni a ti ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe láti ojú fílánjì. Ẹ ti wáyà tó rọ̀ bọ ihò tọ́ọ̀pù, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ihò náà bá gùn tó 100 mm, páìpù yín, láti ojú fílánjì títí dé ẹnu rẹ̀ nínú àpótí, máa jẹ́ 259 mm.

Ọ̀rọ̀ gígùn yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1960, Chrysler gbé ọkọ̀ 300F jáde ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú páìpù tó gùn tó íńṣì 30, ìyẹn bíi 76 cm, tó ré ẹ́ńjìnnì kọjá láti ọ̀tún sí òsì. Agbára ẹṣin 375 ni ẹ́ńjìnnì náà ní, ó sì lágbára gan-an láti ìsàlẹ̀ títí dé àárín. Fún àwọn tó fẹ́ kí agbára jáde lókè, wọ́n gé ògiri tó wà láàárín páìpù kúrò nínú, ìgbì wá ń rí i bíi íńṣì 15 péré, bẹ́ẹ̀ ìta rẹ̀ ò yí padà. Ẹ́ńjìnnì ọ̀hún di ti agbára ẹṣin 400.

Torí tọ́bò wà lára 2JZ-GTE, ẹ má jẹ́ kí àṣìṣe 20 mm gba oorun lójú yín. Tọ́bò ń ti afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Fún ọkọ̀ tí ẹ ṣì fẹ́ máa gbé jáde sí títì, a ò ní lọ sísàlẹ̀ 200 mm.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí n kàn fi páìpù tó fẹ̀ 50 mm ṣe é kí afẹ́fẹ́ lè rọ́nà gbà? (Ẹni kan náà)

ÌDÁHÙN: Rárá o. Lórí 2JZ, ihò sílíńdà jẹ́ 86 mm, ìrìn písítìnì náà jẹ́ 86 mm. Ní 7,000 RPM, písítìnì ń rin nǹkan bíi 20 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú páìpù 42 mm, afẹ́fẹ́ máa sáré nǹkan bíi mítà 84 kó tó lè kún sílíńdà náà. Nínú páìpù 50 mm, mítà 59 péré. Afẹ́fẹ́ tó ń lọ́ra kì í ní ipá tí yóò fi máa wọlé lọ lẹ́yìn tí písítìnì bá ti ń padà sókè, ìyẹn ni ọkọ̀ ṣe máa ń wúwo ní ìsàlẹ̀ àti àárín.

Ẹ jẹ́ kí páìpù bá ihò tọ́ọ̀pù mu níbi fílánjì, kó wá máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí àpótí: 42 mm ní fílánjì, 45 tàbí 46 mm ní ẹnu. Ẹnu yẹn gbọ́dọ̀ là síta bíi ti kàkàkí. Páìpù tí wọ́n gé ní rébété tí wọ́n kàn kì bọ àpótí máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ya kúrò lára ògiri rẹ̀ kó tó wọlé rárá. Kí àyè tó tó ìbú páìpù kan, ó kéré tán, sì wà láàárín ẹnu kàkàkí àti ògiri tó dojú kọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, mo kí yín o. Wẹ́dà ni mí ní Mushin. Manifold oní-sílíńdà mẹ́rin tí mo ṣe kẹ́yìn rẹwà, ìjó rẹ̀ tò bí owó ẹyọ. Nígbà tí wọ́n dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń súfèé, RPM sì ń gòkè ń sọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹná. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun ni wọ́n lò. Níbo ni mo ti ṣe é tì?

ÌDÁHÙN: Fílánjì yín ti tẹ̀. Ẹ tú u, ẹ fi rúlà irin tó gún dáadáa lé ojú rẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ wá fi fílà gééjì (awẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àyè) wá àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa rí i pé àárín kan rúlà, ìpẹ̀kun méjèèjì ò kàn án. Sílíńdà 1 àti 4 ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí RPM fi ń sá sókè sódò.

Alumíníọ̀mù tó gbóná máa ń fẹ̀, tó bá tutù ó máa ń sún kì, èyí tó yọ́ tó sì gan sì ń fa ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lẹ ti jó fílánjì, ẹ̀gbẹ́ tí páìpù wà. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sún kì, ló wá fa ìpẹ̀kun méjèèjì sọ́dọ̀ ara rẹ̀ bí ọrun tí wọ́n fi okùn fà. Fílánjì tó nípọn tó 12 mm pàápàá ń tẹ̀. Bóòtù kò sì lè fi agbára tẹ̀ ẹ́ padà, torí bẹ́ ẹ bá ń fún un, ibi ìjó lẹ ń dá lóró, ibẹ̀ náà ló sì máa sán lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ gé fílánjì láti ara alumíníọ̀mù 6061-T6 tó nípọn tó 12 mm, kò gbọ́dọ̀ dín. Ẹ gbẹ́ àkàsọ̀ tó jìn tó 3 mm yí ihò kọ̀ọ̀kan ká, kí páìpù lè jókòó sínú rẹ̀, kó má kàn dúró lórí. Ẹ wá de fílánjì náà mọ́ awo irin tó nípọn tó 25 mm, ojú tó gún sí ìsàlẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bóòtù rẹ̀, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀. Àwọn kan máa ń lo tọ́ọ̀pù sílíńdà tó ti bàjẹ́ dípò awo irin, ó dára bí ojú rẹ̀ bá ṣì gún. Ẹ lè mú fílánjì gbóná dé nǹkan bíi 100°C kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà máa gba gbogbo iná tó yẹ kó yọ́ ìjó. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 120°C.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìjó kékeré mẹ́rin mú páìpù kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ jó ìdámẹ́rin páìpù kan, ẹ fò lọ sórí òmíràn tó jìnnà sí i. Fún sílíńdà mẹ́rin, 2, 4, 1, 3 dára. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jó páìpù kan yí po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ kọjú iná sí fílánjì ju páìpù lọ, torí 12 mm ò lè yọ́ lásìkò kan náà pẹ̀lú 3 mm. Bẹ́ ẹ bá parí, ẹ fi í sílẹ̀ lórí awo irin náà títí ọwọ́ yín á fi lè sinmi lé e láì jó yín. Sùúrù ló ṣòro jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, torí oníbàárà ti dúró tì yín. Ẹ jẹ́ kó dúró.

Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn, ó ṣì máa tẹ̀ díẹ̀. Torí náà ni a ṣe ń fá ojú rẹ̀ lẹ́yìn ìjó, kì í ṣe ṣáájú. Àwọn tó ń fá ojú tọ́ọ̀pù sílíńdà tó ti tẹ̀ ní ẹ̀rọ tó máa ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n mú bíi 0.3 sí 0.5 mm kúrò. Bí fílà gééjì 0.05 mm ò bá lè wọlé níbikíbi lábẹ́ rúlà, ó dára. Bí 0.10 mm bá wọlé, ẹ dá a padà.

Èyí tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì sọnù. Bí àyè ìpẹ̀kun bá wà lábẹ́ 0.5 mm, fífá ojú máa gbà á là, fílánjì ṣì máa nípọn tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lè fi ayùn gé fílánjì já láàárín ihò méjì méjì, kí páìpù kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀, kẹ́ ẹ wá dè é mọ́ awo irin, kẹ́ ẹ sì fá gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dè é padà, bóòtù M8 kì í fẹ́ ju 20 sí 25 N·m lọ nínú alumíníọ̀mù, àfi bí ìwé ẹ́ńjìnnì bá sọ ohun mìíràn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ máa lọ síta.

ÌBÉÈRÈ: Ìjó TIG mi máa ń dúdú, ó máa ń ní ihò wínníwínní, ìgbà mìíràn ó máa ń sán níbi tí mo bá parí sí. Ẹnì kan ní kí n máa lo rọ́ọ̀dù 5356 torí ó le ju 4043 lọ. (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ihò àti dúdú, ìdọ̀tí ló sábà máa ń fà á, tàbí gáàsì tí kò tó. Awọ tín-ínrín kan wà lójú alumíníọ̀mù tí kì í yọ́ títí iná fi kọjá 2,000°C, bẹ́ẹ̀ 6061 fúnra rẹ̀ ti ń yọ́ láàárín 582 àti 652°C. Bí awọ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀, inú á yọ́ tán kí ojú tó là. Ẹ fi acetone nù ún kí òróró kúrò, lẹ́yìn náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì stainless ha á. Búrọ́ọ̀ṣì yẹn kò gbọ́dọ̀ kan irin mìíràn rí. Bẹ́ ẹ bá ha á ṣáájú kẹ́ ẹ tó nù ún, ẹ kàn ń fi búrọ́ọ̀ṣì ti òróró wọnú rẹ̀ ni. Ẹ nu rọ́ọ̀dù náà, ọ̀pọ̀ wẹ́dà ló ń gbàgbé èyí.

Argon gidi ni gáàsì náà, láìlú mọ́ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kó máa jáde ní lítà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sì pa fáànù. AC ni iná, torí ìyẹn ló ń fọ́ awọ náà. Fún ògiri 3 mm, amp 120 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú tungsten (abẹ́rẹ́ tí iná ń ti ẹnu rẹ̀ jáde) 2.4 mm. Fún ibi fílánjì, ẹ máa nílò bíi 180, kẹ́ ẹ sì gbé tungsten 3.2 mm.

Lórí rọ́ọ̀dù, òótọ́ ni pé 5356 le jù. Ṣùgbọ́n magnesium wà nínú rẹ̀ tó bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, irú ìjó bẹ́ẹ̀ kì í sì fẹ́ wà nínú ooru tó ju 65°C lọ fún ìgbà pípẹ́. Ara ẹ́ńjìnnì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́. 4043, tó ní silicon, ló yẹ manifold. Ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa sọ fún oníbàárà ni pé bó bá fẹ́ kí wọ́n fi anodize pa á láwọ̀, ojú ìjó 4043 máa di eérú tó ṣókùnkùn.

Sísán níbi ìparí: ẹ ń mú ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dààlì iná lójijì. Ẹ fi ẹ̀kán rọ́ọ̀dù kan kún ihò tó kù, ẹ wá dín iná kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má sì jó 6061 rárá láìfi rọ́ọ̀dù sí i, bó ti wù kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bára mu tó. Ó máa ń sán láàárín gbùngbùn bó bá ṣe ń tutù.

Ẹnì kan náà bèèrè bóyá òun lè lo alumíníọ̀mù ojú fèrèsé. 6063 ni ọ̀pọ̀ wọn, ó sì gba ìjó dáadáa, àmọ́ ó sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju ohun tí tọ́bò lè fọkàn tán. Èyí tí wọ́n fi ṣe ìkòkò ni kẹ́ ẹ jìnnà sí pátápátá, ihò inú rẹ̀ ò lópin.

ÌBÉÈRÈ: Àpótí tí wọ́n ṣe fún mi rí bíi páálí, igun mẹ́rin, alumíníọ̀mù 3 mm. Ní ìfúnpá tọ́bò 1.5 bar, ó wú, lẹ́yìn náà ó ya létí. Ṣé wẹ́dà ni kò mọ iṣẹ́? (Òǹkàwé, Ìkẹjà)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì dá wẹ́dà lẹ́bi kẹ́ ẹ tó ṣírò yìí. Bí ògiri kan bá gùn tó 400 mm, tó sì fẹ̀ tó 100 mm, 1.5 bar ń tì í síta pẹ̀lú agbára bíi 6,000 N. Bíi pé ẹ to àpò sìmẹ́ńtì méjìlá lé e lórí ni, tẹ́ ẹ wá ń gbé wọn kúrò, tẹ́ ẹ tún ń dá wọn padà ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹná. Ògiri pẹlẹbẹ máa ń mí sínú mí síta, etí tí ìjó ti sọ di rírọ̀ ló sì máa ń yọnda, torí 6061-T6 máa ń pàdánù nǹkan bí ìdajì líle rẹ̀ nítòsí ìjó.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ká ògiri náà, kó rí bí agolo tí wọ́n là sí méjì. Ohun tó ká kì í wú bíi ti pẹlẹbẹ. Bí kò bá sáyè fún kíká, kí wọ́n jó egungun 5 mm mọ́ ọn níta ní gbogbo 80 mm. Ìjó etí gbọ́dọ̀ wọlé dé inú. Bí àmì ìjó ò bá hàn nínú, kò wọlé. Fún ẹ́ńjìnnì lítà 3, àpótí lítà 3 sí 4.5 la máa ń ṣe.

Kí wọ́n tó dè é, kí wọ́n fi awo àti rọ́bà dí gbogbo ihò, kí wọ́n rọ omi kún un títí kò fi sí afẹ́fẹ́ nínú, kí wọ́n wá fi páńpù ọwọ́ tì í dé 2.25 bar, ìyẹn ìlọ́po kan ààbọ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lò. Omi ni, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Àpótí tó bá ya pẹ̀lú omi máa kàn tú jáde ni. Èyí tó bá ya pẹ̀lú afẹ́fẹ́ lè pa ẹni tó dúró tì í. Afẹ́fẹ́ 0.3 bar pẹ̀lú omi ọṣẹ ti tó láti wá ihò wínníwínní.

ÌBÉÈRÈ: Throttle 102 mm ló wù mí. Ọkọ̀ títì ni, agbára ẹṣin 450. (Òǹkàwé, Peckham)

ÌDÁHÙN: 70 sí 80 mm máa gbé e. Ihò 90 mm pàápàá fẹ̀ ju 70 mm lọ ní ìlọ́po 1.65, 102 mm sì ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ máa kàn fọwọ́ kan ẹsẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á ti fò, ẹ ò sì ní lè fi wakọ̀ nínú gosiloo. Ẹ fi owó yẹn ra gáskẹ́ẹ̀tì tó dára.

ÌBÉÈRÈ: Oní-sílíńdà mẹ́fà ni tèmi, throttle wà níwájú. Písítìnì 6 yọ́, márùn-ún tó kù dára. Ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní epo tó. (Òǹkàwé, Lẹ́kì)

ÌDÁHÙN: Epo lè tó ní àròpọ̀, kó má tó fún sílíńdà kan. Ẹ wo omi òjò tó ń sáré nínú gọ́tà tí ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa ń ré ihò àkọ́kọ́ kọjá, níbi tí gọ́tà ti dí ló ti máa kún jọ. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó ń ti throttle níwájú bọ̀. Ó ń sáré kọjá ẹnu páìpù 1 àti 2, ó lọ kọlù ògiri ẹ̀yìn, eré rẹ̀ wá di ìfúnpá lórí 6. Afẹ́fẹ́ pọ̀ ní 6, epo rẹ̀ ò pọ̀ sí i, iná inú rẹ̀ wá gbóná ju ti àwọn yòókù lọ.

Kẹ́ ẹ tó gbà pé ìyẹn ni, ẹ tú àwọn nọ́sù epo, kí wọ́n wọn iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fọ́n, torí nọ́sù tó dí máa fa irú ìṣòro kan náà. Bí wọ́n bá dọ́gba, ẹ fi ohun èlò tó ń wọn ooru èéfín sí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan, bíi 50 mm sí tọ́ọ̀pù, kó jìnnà bákan náà ní gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bí ọ̀kan bá ju àwọn yòókù lọ ní 40°C, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Pílọ́ọ̀gì náà máa sọ fún yín: funfun gbẹ́ẹ́ ní 6, àwọ̀ ilẹ̀ ní àwọn tó kù.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lára àpótí. Kí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan má yà ju 7° lọ, kí eré rẹ̀ lè rọlẹ̀ kó tó kan páìpù 1. Kí àpótí máa tín-ín-rín lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹni tó ń ṣe kọ̀ǹpútà lè fi epo díẹ̀ kún ti 6 nìkan, bí kọ̀ǹpútà náà bá gbà á. Epo tó fi kún gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kàn ń fọ òróró kúrò lára ògiri márùn-ún tí kò ṣẹ̀ ni.

ÌBÉÈRÈ: Rọ́bà O-ring àwọn nọ́sù epo mi máa ń gé bí mo bá ń tì wọ́n wọ manifold tuntun, epo sì ń rùn. (Òǹkàwé, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì yẹn títí ẹ máa fi tún un ṣe. Wọ́n gbẹ́ ihò nọ́sù tán kí wọ́n tó jó o mọ́ páìpù, ìjó wá fún un pọ̀, kò rí róbótó mọ́. Kí wọ́n gbẹ́ ẹ kù díẹ̀, kí wọ́n jó o, kí wọ́n tó wá fi rímà mú un dé ìwọ̀n. O-ring 14 mm fẹ́ ihò 13.5 mm. Kí wọ́n fá etí ihò náà kó dagun díẹ̀, torí etí tó mú ni ọ̀bẹ tó ń gé rọ́bà yín. Nígbà ìjó, kí páìpù epo tó ń de gbogbo nọ́sù wà lórí wọn gẹ́gẹ́ bí olùdarí, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀kan máa wọ́, O-ring rẹ̀ á sì máa jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ fi òróró ẹ́ńjìnnì díẹ̀ pa rọ́bà kẹ́ ẹ tó tì í.

ÌBÉÈRÈ: Corolla tí n kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan lára rẹ̀ ńkọ́? (Òǹkàwé, Adó-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ fi ti ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ ò ní rí agbára kankan tẹ́ ẹ máa mọ̀, ẹ sì lè pàdánù èyí tó wà ní ìsàlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, láti ìgbà tí wọ́n ti fi manifold tuntun sí ọkọ̀ mi tó ní tọ́bò ni búrèkì mi ti le bí òkúta. Mẹkáníìkì ti pààrọ̀ páàdì, ó ti fa afẹ́fẹ́ inú búrèkì, kò yí padà. (Òǹkàwé, Ọ̀tà)

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé ọkọ̀ náà dúró lónìí. Ìkòkò búrèkì tó wà lẹ́yìn master (páńpù òróró búrèkì) ń fi ìfà tó ń ti inú manifold wá ṣiṣẹ́. Ẹni tó ṣe manifold yín kò jó ẹnu páìpù rẹ̀ sí i, tàbí ó jó o, àmọ́ wọn ò so ó. Ẹ wá rọ́bà ńlá tó ń ti ìkòkò yẹn bọ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà ní dídí tàbí ó kàn wà nínú afẹ́fẹ́, ẹ ti rí i.

Kí wọ́n jó ẹnu tí ihò inú rẹ̀ tó 8 sí 10 mm sára àpótí, lẹ́yìn throttle, kó má ṣe wà lára páìpù ẹyọ kan. Torí tọ́bò wà, fáàfù tó ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ wà láàárín, kí tọ́bò má baà máa ti afẹ́fẹ́ wọ ìkòkò búrèkì. Ọfà ara fáàfù náà máa kọjú sí manifold. Bí wọ́n bá tú àpótí náà láti gbẹ́ ihò yìí, kí wọ́n fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú rẹ̀, kí wọ́n fẹ́ ẹ gbẹ, kí wọ́n sì tan iná wo inú páìpù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dè é padà, torí èérún alumíníọ̀mù kan tó bọ́ sí sílíńdà máa ha ògiri rẹ̀. Láti yẹ búrèkì wò: ẹ tẹ ẹ́ nígbà márùn-ún pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa, ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Búrèkì gbọ́dọ̀ rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá rọ̀, ẹ má tíì gbé e jáde.